Ogun Aṣálẹ̀ Tí Moríkẹ́ Ń Gbé Kiri

Omi ni Khalidat gbé lọ fún tíṣà náà ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bára wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní etíkun Ìlàjẹ, omi yí ilé ká, ó tún wà lábẹ́ ilé, ṣùgbọ́n oníyọ̀ ni. Èyí tí ènìyàn lè mu, láti Igbókọ̀dá ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ gbé e wá. Khalidat ní ọkọ̀ onípákó gígùn kan tí ó de táǹkì omi ńlá méjì mọ́ inú rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí ó bá ta omi nínú ti iwájú ní èbúté kan, inú ti ẹ̀yìn ni yóò ti bù ní èbúté tó tẹ̀ lé e, kí ọkọ̀ má baà fi ìdí jókòó sínú omi.

Ọlámijùwọ́n ni orúkọ tíṣà náà, ọmọ Ìkàrẹ́. Ìjọba ló gbé e wá láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì ní ilé-ìwé kan ní apá Ayétòrò. Òun àti Khalidat ti ń kíra wọn tẹ́lẹ̀, kíkí oníbàárà àti olùtajà: ẹ kú iṣẹ́, kẹ́ẹ̀gì mélòó lẹ fẹ́. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, páálí ńlá kan tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò tilẹ̀ gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì tó dé. Ó ti fi bírò fa ojúlé kéékèèké sí gbogbo ara páálí náà, ojúlé kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́fà bí ihò afárá oyin. Àwọn ègé páálí kékeré wà lórí rẹ̀, àwọn kan pupa, àwọn kan àwọ̀ ewé.

Khalidat gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. "Tíṣà, irú lúdò wo nìyí?"

Ó ní kì í ṣe lúdò. Ó ní ogun ni, ogun kan tí wọ́n jà nínú aṣálẹ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá nígbà tí àwọn méjèèjì kò tíì dé ayé. Àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń ṣe irú ogun bẹ́ẹ̀ sínú àpótí, tí àwọn ènìyàn ń rà á, tí wọ́n ń jókòó jà á lórí tábìlì. Òun kò mọ ibi tí òun ti lè rí i rà ní Ìlàjẹ, nítorí náà òun wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù títí òun fi mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, òun sì ṣe tòun.

Khalidat béèrè ìdí tí ojúlé fi ní igun mẹ́fà, tí kò jẹ́ mẹ́rin bí ti lúdò. Ìbéèrè yìí dùn mọ́ tíṣà, nítorí kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ rí. Ó ṣàlàyé pé bí ojúlé bá jẹ́ onígun mẹ́rin, ẹni tó bá gba igun kọjá ti rìn jìnnà ju ẹni tó gba ojú tààrà lọ, bẹ́ẹ̀ ìṣísẹ̀ kan náà ni wọ́n máa kà fún wọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ mẹ́fà, ọ̀nà yòówù kí ènìyàn gbà jáde, bákan náà ló jìn. Khalidat fi ìka tọ ọ̀nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mi orí. Tíṣà wá fi àwọn ègé páálí hàn án. Nọ́ńbà òsì ni agbára ọkọ̀ ogun, nọ́ńbà ọ̀tún ni iye ojúlé tí ó lè rìn. Dáísì ló ń sọ bí ìjà ṣe lọ. Ọkọ̀ ogun tí ó bá sì jìnnà jù sí lọ́rì tó ń gbé epo, ibi tó wà náà ni yóò dúró sí.

"Lọ́rì wo ló ń gbé epo?"

"Èyí."

"Omi tí wọ́n ń mu ńkọ́?"

"Òun náà ló ń gbé e."

Ó fa ìjókòó kan mọ́ra. "Ẹ fún mi ní ẹ̀gbẹ́ tí lọ́rì rẹ̀ pọ̀."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fẹ́ bá a jà, ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ ogun rẹ̀ pọ̀ ló máa ń mú. Síbẹ̀ Khalidat pàdánù lọ́jọ́ náà, nítorí ó ń dúró de ọ̀tá níbi tí kò sí ìdí tí ọ̀tá fi gbọ́dọ̀ gbà. Ó ti ń wo aṣálẹ̀ bíi pé ẹ̀ka odò wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó ń padà lọ sídìí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló tó yé e pé kò sí ọ̀nà níbẹ̀ rárá, òkun gbígbẹ ni, ibi tí epo bá gbé ènìyàn dé ni ọ̀nà rẹ̀ dé. Ó sọ ọ́ fún tíṣà ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sì nà án.

Láti ìgbà náà, èbúté tíṣà ni Khalidat ń fi ṣe ìparí ìrìn rẹ̀. Yóò ti ta omi tán, yóò so ọkọ̀, wọn yóò jà fún ìgbà díẹ̀ kí oòrùn tó rọlẹ̀. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ̀ láàárín ti àwọn yòókù, ìró kan tó máa ń húkọ́ díẹ̀ kí ó tó dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan, igi abẹ́ omi kan ṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà, Khalidat kò sì wá. Omi wà nílé tíṣà, síbẹ̀ gbàrà tí ìró ọkọ̀ bá ti dún, yóò jáde sí orí afárá onípákó pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja nítòsí rí i. Ọ̀kan nínú wọn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ tó báyìí ni, tàbí kẹ́ẹ̀gì ló fẹ́ gba atẹ́gùn.

Nígbà tí Khalidat padà dé, tíṣà kò tẹ́ páálí. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, òun sì ti gbìyànjú láti sọ ọ́ lóríṣiríṣi nínú yàrá, gbogbo rẹ̀ kò dára. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ.

Khalidat wo omi. Ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀, ó ti ń dúró dè é, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó ní, "Èyí tẹ́ ẹ sọ yìí náà dára. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lẹ máa sọ ọ́ fún. Ẹ wá alárenà."

Alárenà tí wọ́n rí ni Moríkẹ́, opó kan tó ń ra ẹja yíyan ní Ugbonla, tó ń tà á ní Ayétòrò. Ọmọ àbúrò bàbá ló jẹ́ sí Fàrúkù, bàbá Khalidat, ẹnu rẹ̀ sì tó bàbá náà sọ̀rọ̀ sí. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni Fàrúkù ti ń pẹja lójú òkun títí orúnkún fi ní ó tó. Báyìí, iwájú ilé rẹ̀ ní Ugbonla ló ń jókòó sí, tí ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Láídì, àkọ́bí rẹ̀, ti fẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó wá ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ ní agbègbè náà, ó sì ti bá a lọ sí ìlú òkè. Khalidat ló kù nílé.

Moríkẹ́ jẹ́ iṣẹ́ náà tán, ó sì gbé èsì padà fún tíṣà láìfi nǹkan kan kún un. Fàrúkù ní kò sí ohun tó burú lára ọmọkùnrin náà. Òun ń rí i ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó bá sọdá wá, ó ń kírun bó ṣe yẹ, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni òun kò fẹ́. Ẹsẹ̀ tíṣà kì í dúró.

"Ó ní kí n sọ fún ọ," ni Moríkẹ́ wí, "pé ọmọ òun tó lọ, inú fóònù lòun ti ń rí i. Òun ò fẹ́ kí èyí tó kù náà bọ́ sínú fóònù."

Tíṣà gba ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni pé òun kọ́ ló ni ẹsẹ̀ òun.

Ṣùgbọ́n páálí kan ti wà nílé Fàrúkù nígbà náà. Tíṣà ti ya ogun náà ní ẹ̀dà kejì fún Khalidat kí ó lè máa fi dánra wò. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú pálọ̀, yóò máa bá ara rẹ̀ jà, ọwọ́ ọ̀tún fún ẹ̀gbẹ́ pupa, ọwọ́ òsì fún èkejì. Bàbá rẹ̀ ń wò ó láti ẹ̀yìn àwọ̀n. Ó kọ́kọ́ béèrè pé ẹja wo ló ń pa níbẹ̀. Ó tún béèrè ohun tí nọ́ńbà wà fún. Nígbà tó yá, lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́ kọjá èjìká ọmọ rẹ̀, ó gbé ọkọ̀ ogun pupa kan kúrò níbi tí Khalidat fi í sí, ó sì gbé e sí ibòmíràn.

"Atẹ́gùn ń bọ̀ láti ibẹ̀ yẹn," ni ó wí.

"Bàbá, kò sí atẹ́gùn nínú rẹ̀."

"Ibi tó dára náà ni mo gbé e sí."

Òótọ́ sì ni, ibi tó dára ni. Kò pẹ́ sígbà náà ni ó pe Moríkẹ́. Ó ní kó lọ sọ fún ọmọkùnrin náà kó wá bá òun ja ogun páálí rẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣe ń jà ni òun fi ń mọ irú ẹni tó jẹ́. Bí wọ́n bá parí, òun yóò sọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lórí Khalidat.

Ọlámijùwọ́n ní inú òun dùn, ó sì ní wọ́n lè máa fi ìgbésẹ̀ ránṣẹ́ síra lórí fóònù. Moríkẹ́ kò tíì jókòó tán tó fi dá a lóhùn. Ó ní Fàrúkù ti sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti kan ọmọ òun, ẹnu alárenà ni yóò gbà, yálà ọ̀rọ̀ ẹnu ni tàbí ọ̀rọ̀ ogun.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Páálí kan wà ní Ugbonla, èkejì wà ní ilé tíṣà. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà àti nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tí ó kàn yóò sọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ fún Moríkẹ́, Moríkẹ́ yóò há a sórí bó ṣe ń há iye ẹja gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ sórí, yóò sì rí i pé wọ́n tò ó bó ṣe rí lórí páálí kejì kí ó tó kúrò. Dáísì ló kọ́kọ́ fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Fàrúkù kò gbà kí tíṣà máa ju dáísì níbi tí òun kò sí, tíṣà náà kò sì lè sọ pé òun gbà. Ni Moríkẹ́ bá gba dáísì náà, ó so ó mọ́ etí aṣọ rẹ̀. Òun ló ń jù ú fún àwọn méjèèjì, sínú abọ́ tánganran tí ó fi ń ta ẹja.

Kì í sọ ohun tó bá rí ní ẹ̀gbẹ́ kan fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Fàrúkù fi ẹja yíyan rọ̀ ọ́ kí ó kàn sọ bí ojú tíṣà ṣe rí nígbà tó gbọ́ ìgbésẹ̀ òun. "Ẹja ni mò ń tà, Ẹ̀gbọ́n," ni Moríkẹ́ wí. Khalidat náà kò gbọdọ̀ wo páálí bàbá rẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Fàrúkù ń fi ìgbòkun àtijọ́ kan bò ó.

Òjò bẹ̀rẹ̀, ogun náà kò parí. Kànga epo kan ló wà láàárín aṣálẹ̀ náà. Ẹni tó bá gbà á, tó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú epo nínú ọkọ̀ rẹ̀, òun ló borí. Fàrúkù yóò sún mọ́ ọn, yóò yí i ká, yóò tún padà. Tíṣà gbà pé ọgbọ́n ńlá kan ló wà nídìí yíyí yìí, ó sì ń ṣọ́ra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọkùnrin náà láti inú ìgbésẹ̀ rẹ̀. Bí Moríkẹ́ bá dé, ìròyìn Khalidat ni tíṣà máa ń kọ́kọ́ béèrè, ti bàbá rẹ̀ ló sì máa ń tẹ̀ lé e.

Ní àárín táàmù, wọ́n sọ fún tíṣà ní ilé-ìwé pé orúkọ rẹ̀ wà nínú àwọn tí ìjọba fẹ́ gbé kúrò. Bí táàmù bá parí, Àkókó ni yóò lọ, ibi tí kò jìnnà sí ilé ìyá rẹ̀. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a yọ̀. Ìyá rẹ̀ ti gbá yàrá rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Moríkẹ́ gbé ìgbésẹ̀ kan wá láti Ugbonla. Tíṣà tò ó sórí páálí rẹ̀, ó sì rò pé Moríkẹ́ ṣì í gbọ́. Ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, bákan náà ni. Fàrúkù ti kó gbogbo lọ́rì epo rẹ̀ sínú ojúlé kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Hẹlikọ́pútà sì wà lọ́wọ́ tíṣà, òfin ogun náà sì ni pé ojúlé tí hẹlikọ́pútà bá kọlù, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ń jóná.

Ó ní kí Moríkẹ́ jọ̀ọ́, kí ó padà wá gba èsì òun lọ́jọ́ tó bá tún sọdá.

Khalidat ló sọ ọ́ fún, nínú ọkọ̀ omi, bí wọ́n ti jókòó sórí pákó láàárín táǹkì méjèèjì. Ó ní òun lè fi àwọn lọ́rì náà sílẹ̀. Òun lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Báwo ni òun yóò ṣe máa tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ènìyàn, tí òun yóò tún máa jó epo rẹ̀?

"Jó o," ni Khalidat wí.

"Bàbá rẹ ni o."

"Mo mọ̀ pé bàbá mi ni. Tí o bá fi í sílẹ̀, wọ́n á mọ̀. Wọ́n á ní tíṣà yìí rò pé mo ti darúgbó, ó ń ṣàánú mi. Wọn ò ní dárí ìyẹn jì ọ́ láéláé."

"Tí inú bá wá bí wọn ńkọ́?"

"Inú bíbí máa ń lọ. Mo ti ń gbé pẹ̀lú inú bíbí yẹn tipẹ́."

Tíṣà fẹ́ bi í ní ohun kan sí i nípa Àkókó, ṣùgbọ́n Khalidat ti dìde, ó ń wo epo nínú ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ìgbà tí ó bá ti dárúkọ Àkókó ni Khalidat máa ń rí nǹkan kan tún ṣe nínú ọkọ̀.

Márùn-ún tàbí mẹ́fà ni dáísì gbọ́dọ̀ mú kí lọ́rì tó lè jóná. Moríkẹ́, tó padà wá gbọ́ pé tíṣà yóò kọlù wọ́n, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rọra jù ú, jẹ́jẹ́jẹ́, kí ó má baà yí púpọ̀. Ó yí lẹ́ẹ̀kan nínú abọ́, ó dúró lórí mẹ́fà.

"Ṣé ó dára?" ni Moríkẹ́ béèrè.

"Ó dára."

"Fún ta ni?"

Tíṣà kó àwọn lọ́rì náà kúrò lórí páálí.

Nígbà tí Moríkẹ́ jẹ́ iṣẹ́ náà ní Ugbonla, Fàrúkù wo páálí fún ìgbà pípẹ́. Ó ṣa àwọn lọ́rì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sápò, ó sì fi ìgbòkun bo ogun náà. Kò fi ìgbésẹ̀ kankan ránṣẹ́. Moríkẹ́ sọdá lọ sí Ayétòrò, kò gbé nǹkan kan dání ju ẹja lọ. Ó tún sọdá. Tíṣà ń bá a lọ́wọ́ gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti inú ọkọ̀, ó ń wo ojú rẹ̀, Moríkẹ́ yóò sì mi orí pé kò sí èsì. Ní ìgbà kan, ó ní dáísì òun ló bà á jẹ́, kí tíṣà gbà á padà. Tíṣà kò gbà á. Táàmù ń lọ sópin.

Khalidat ní sùúrù títí sùúrù fi tán lára rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde, ó ká ìgbòkun kúrò lórí páálí níṣojú bàbá rẹ̀, ó sì wò ó. Ó wò ó pẹ́. Fàrúkù ń tún àwọ̀n ṣe, kò dá a dúró.

"Bàbá, ọkọ̀ ogun yín mẹ́ta ló wà létí kànga yìí."

"Mo rí wọn."

"Kí lọ́rì tó jóná, epo wà nínú wọn. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ló kù."

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Fàrúkù fa okùn àwọ̀n já. "Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀."

Khalidat jókòó sílẹ̀. Ó wá yé e ìdí tí àwọn ọkọ̀ ogun náà fi ń yí kànga ká bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Bàbá rẹ̀ ní bí òun bá wọ ibẹ̀, ìjà parí. Bí ìjà bá sì parí, òun ti ní òun yóò sọ̀rọ̀.

"Ọ̀rọ̀ wo lẹ fẹ́ sọ?"

"Kò sí èyí tó rọ̀ mí lọ́rùn nínú méjèèjì. Tí mo bá ní rárá, ojú rẹ tó rẹ̀wẹ̀sì ni màá máa rí lójoojúmọ́. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní rí ojú náà mọ́."

Khalidat ti ìgbòkun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Ọlámijùwọ́n. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun náà. Òun fẹ́ ọkùnrin náà, òun kò sì fẹ́ kúrò lórí omi. Kí lòun fẹ́ máa wà ní Àkókó? Bí àwọn kan bá bi òun níbẹ̀ pé iṣẹ́ wo lòun mọ̀, kí lòun fẹ́ sọ? Òun ti ń rò ó nídìí ẹ́ńjìnnì lójoojúmọ́, àti àlọ àti àbọ̀, ibì kan ṣoṣo sì ni èrò òun ń gbé òun dé.

"Bàbá, omi tí mò ń tà yìí, níbo ni mo ti ń bù ú?"

"Igbókọ̀dá."

"Títì dé ibẹ̀, omi náà dé ibẹ̀. Ilé-ìwé pọ̀ níbẹ̀. Tí mo bá ń gbé níbi tí mo ti ń bu omi, ọ̀dọ̀ yín náà ni màá máa gbé e wá. Ohun tó máa yí padà kò ju pé, bí mo ṣe ń sùn níbí tí mò ń lọ bù ú, ibẹ̀ ni màá máa sùn tí màá sì máa bù ú wá."

Fàrúkù da ọ̀rọ̀ náà rò bó ṣe máa ń da ojú ọ̀run rò kí ó tó jáde sí òkun láyé àtijọ́. "Ìjọba ló ni ẹsẹ̀ ọkọ rẹ, ìwọ kọ́."

Khalidat gbọ́ bó ṣe pè é. Kò sọ ohunkóhun sí i, kí bàbá rẹ̀ má baà gbà á padà.

Nígbà tí òjò dá, ó gba èbúté tíṣà lọ. Ó sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀, òun kò sì lè bá a lọ sí Àkókó, òtítọ́ ni méjèèjì. Ó sọ ti Igbókọ̀dá. Ọlámijùwọ́n jókòó sórí afárá onípákó. Ó ń ro ìyá rẹ̀ àti yàrá tí ó ti gbá. Ó ń rò ó pé láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibi tí wọ́n bá ní kí òun lọ lòun ń lọ, kò sí ìgbà kankan tí òun sọ pé ibí lòun fẹ́. Khalidat fi í sílẹ̀ láti rò ó. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ húkọ́, tí ó sì gbéra, tíṣà ti ń ká aṣọ sínú báàgì.

Ó dé Àkúrẹ́ ní ọjọ́ kejì, ó sì jókòó ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń pín àwọn tíṣà kiri títí wọ́n fi pè é. Ọ̀gá tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ láti wò ó dáadáa. Ó ní ojoojúmọ́ ni àwọn tíṣà ń wá sunkún pé kí wọ́n yọ àwọn kúrò létí omi, ṣé tíṣà yìí ló wá ń bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun sí Igbókọ̀dá ní ẹnu rẹ̀? Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ gan-an ni. Ọ̀gá náà béèrè bí obìnrin bá wà níbẹ̀. Tíṣà ní ó wà. Kò le rárá lẹ́yìn ìyẹn; wọ́n kọ Igbókọ̀dá sí ìwé rẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ ló le. Ìyá rẹ̀ sunkún lórí fóònù, ó bínú, ó dákẹ́, ó wá béèrè bí ọmọbìnrin náà bá lè gún iyán. Ọlámijùwọ́n ní púpurú ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ìyá ní òun yóò wá fúnra òun wá wo ohun tí wọ́n ń pè ní púpurú.

Ọlámijùwọ́n àti Moríkẹ́ ló jọ lọ sí Ugbonla. Fàrúkù ní kí wọ́n jókòó, ó ní kí Khalidat gbé omi wá, ó sì ká ìgbòkun kúrò lórí páálí.

"Kí ló dé tí o fi jó àwọn lọ́rì mi?"

"Ẹ kó wọn sójú kan, Bàbá."

"Bí a ṣe ń so ọkọ̀ nìyẹn nígbà tí ìgbì bá le. Tí wọ́n bá fara ti ara wọn, ìgbì ò lè gbé ọ̀kan lọ."

"Lórí omi, bẹ́ẹ̀ ló rí, Bàbá. Nínú aṣálẹ̀ yìí, òkè ni ewu ti ń wá."

Fàrúkù gbà á, nítorí ohun tó bọ́gbọ́n mu ni. Ó wá wò ó lójú. "Ṣé kò ṣe ọ́ bíi kí o ṣàánú mi?"

"Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀. Khalidat ló ní kí n má ṣe é."

Fàrúkù yíjú sí ọmọ rẹ̀, tí ó ń to ife sórí àwo bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó kọ́kọ́ fẹ́ gbé e mì, kò lè gbé e mì. Ó ní kò ya òun lẹ́nu tí òun fi ń pàdánù, inú ilé òun ni ọ̀tá wà. Ó sọ fún Moríkẹ́ pé kí ó lọ sọ fún àwọn ará Ìkàrẹ́ pé kí wọ́n máa bọ̀, òun ti sọ̀rọ̀ òun.

"Ogun ńkọ́?" ni Moríkẹ́ béèrè.

"Ọmọ náà ló borí. A ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn."

Wọ́n so yìgì lẹ́yìn ọdún Iléyá. Ìyá Ọlámijùwọ́n jẹ púpurú, ó ní ó dára, ó sì bu sí i. Moríkẹ́ ní iṣẹ́ alárenà ti parí, òun kò tún gbé ogun ẹnikẹ́ni kiri mọ́, ṣùgbọ́n kò dá dáísì padà fún wọn. Ó ní bí ìjà bá dé, kí wọ́n dúró de òun.

Khalidat ló wá di ẹni tó ń gbé ìgbésẹ̀ wọn kiri. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọ́kọ́ ti Igbókọ̀dá gbé omi wá gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, bàbá rẹ̀ ti dúró ní èbúté kí ọkọ̀ tó yọ. Khalidat kò tíì so okùn tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìgbésẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi rán an, lẹ́tà àti nọ́ńbà, kí ó má baà gbàgbé.

"Ìyẹn ò kánjú," ni Fàrúkù wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Wọ́n jẹun. Ó béèrè bí ilé náà ṣe rí, bí omi ṣe ń wọlé ní àsìkò òjò, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kí i. Ó béèrè nípa ẹ́ńjìnnì. Khalidat ta omi rẹ̀ káàkiri Ugbonla, ó padà wá, ó bá bàbá rẹ̀ níwájú páálí. Ó ti to ìgbésẹ̀ tíṣà síbẹ̀. Khalidat ní kí ó sọ tirẹ̀, kí òun lè gbé e lọ.

Fàrúkù mú ọkọ̀ ogun kan, ó gbé e wò, ó dá a padà síbi tó wà.

"Mo ṣì ń rò ó," ni ó wí. "Padà wá gbà á lọ́jọ́ Jímọ̀."

Khalidat wo páálí náà. Kò sí ohun tó le níbẹ̀ tí ènìyàn ń rò títí di ọjọ́ Jímọ̀. Ó ní kò burú, òun yóò dé kí wọ́n tó kírun, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ tú okùn ọkọ̀ rẹ̀.